Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí: Bí onífọ́tò ṣe lè fi infrared bẹ̀rẹ̀, kó sì ní ọwọ́ tirẹ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí kámẹ́rà rí, ṣùgbọ́n bí ẹni pé kámẹ́rà ni wọ́n ń bá wí ni. Ojú wa rí pupa, ó rí àwọ̀ ewé, ó rí aró, a sì gbà pé gbogbo ohun tí oòrùn ń tàn sílẹ̀ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lẹ́yìn pupa tó wà ní etí òṣùmàrè, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ṣì wà níbẹ̀ tí ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní infrared. Kámẹ́rà lè rí i. Bí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ yìí ya fọ́tò ní ọ̀sán gangan, ewé igi á funfun bí òwú, ojú ọ̀run tó mọ́ á ṣú dùdù, omi odò náà á sì dúdú bí aró inú ìkòkò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwọn onífọ́tò wa kò fara sin. Láti ìgbà tí fóònù tó ń ya fọ́tò ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, iṣẹ́ náà kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń sọmọ lórúkọ ń fi fóònù ya ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ń fi fóònù ya ara rẹ̀. Onífọ́tò tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣì máa wá òun wá gbọ́dọ̀ ní ohun kan lọ́wọ́ tí kò sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, infrared sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gani lára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ewé funfun nìkan ni ẹnìkan kó wá sọ́jà, kò ní pẹ́ tí yóò fi sú àwọn tó ń wò ó, nítorí gbogbo ẹni tó bá ra irú dígí kan náà ni yóò rí ewé funfun kan náà. Nítorí náà, ohun méjì la fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí: bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, àti bí fọ́tò ènìyàn ṣe lè dá yàtọ̀ lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1800 ni William Herschel, ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi dígí onígun mẹ́ta la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè. Ó gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó sínú àwọn àwọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń sún un láti ẹ̀gbẹ́ àlùkò lọ sí ẹ̀gbẹ́ pupa ni ooru ń lé sí i. Nígbà tó wá gbé e kọjá pupa, síbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ibẹ̀ gan-an ni ooru ti pọ̀ jù. Báyìí ló ṣe mọ̀ pé oòrùn ní ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí. Ó di ọdún 1910 kí Robert Williams Wood, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tó gbé àwọn fọ́tò tó fi ìmọ́lẹ̀ náà yà jáde fún aráyé rí. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onífọ́tò fi ń pe funfun tí ewé máa ń funfun yìí títí dòní. Nítorí pé Wood túmọ̀ sí igi lédè òyìnbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi ni wọ́n ń sọ, àṣé orúkọ ènìyàn ni.

Nánómítà ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀, 1,000,000 rẹ̀ ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ojú wa ń ríran láti nǹkan bí 400 dé nǹkan bí 700. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ìgbàlódé, lè ríran dé nǹkan bí 1,000. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà mọ̀ pé bí àwọn bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó lé yẹn wọlé, àwọ̀ inú fọ́tò á dàrú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi dígí pẹlẹbẹ kan bo sẹ́ńsọ̀ náà láti dá a dúró. Síbẹ̀, díẹ̀ ṣì máa ń yọ́ wọlé. Díẹ̀ tó ń yọ́ wọlé yìí gan-an ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ o. Kì í ṣe ooru ara ènìyàn ni kámẹ́rà yìí ń yà. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru hàn, irú èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó sọnù sínú igbó lóru, yàtọ̀ pátápátá, ìgbì ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sì gùn ju èyí lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kan nǹkan tó sì ta padà ni èyí tí à ń sọ. Ohun tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní chlorophyll, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa àti aró mọ́ra láti fi ṣe oúnjẹ fún igi. Kì í gba infrared. Infrared á kọjá lára rẹ̀, á kan àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tó kún fún omi àti afẹ́fẹ́ nínú ewé, wọ́n á sì dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà síta, òun ló ń mú kí ewé funfun báláú. Bí ewé bá ń ṣàìsàn, dídá padà yìí lè yí padà, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn fi ń lo irú àwòrán yìí láti inú bàálù àti sátẹ́láìtì. Ní ti ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ kì í fọ́n infrared káàkiri bó ṣe ń fọ́n aró, ojú ọ̀run á wá ṣókùnkùn, àwọsánmà á sì yọ sójú rẹ̀ ketekete.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ kò ná onífọ́tò ní kọ́bọ̀. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ orí rẹ̀ sí kámẹ́rà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Infrared ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù fi ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀. Bí iná kékeré funfun tàbí aláwọ̀ àlùkò bá hàn nínú fọ́tò náà, kámẹ́rà yín ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ yìí. Bí iná náà bá mọ́lẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ á yá. Bí kò bá hàn rárá, kámẹ́rà náà kò ní dára fún un, ẹ má wulẹ̀ fi owó ṣòfò lé e lórí.

Ohun tí ẹ máa rà ni dígí àsẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní fíltà. Èyí tí wọ́n kọ 720 sí ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń sé ọ̀pọ̀ jù lọ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí mọ́ ìta, infrared sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo nọ́mbà ìwọ̀n tó wà níwájú lẹ́ńsì yín kí ẹ tó ra tiyín, kí wọ́n má baà ta èyí tí kò wọ̀ ọ́ fún yín. Ẹ tún nílò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kéré gan-an. Fọ́tò tí kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá tí a kò lè kà lè gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ogún, tàbí ọgbọ̀n báyìí. Ọwọ́ kò lè gbé e dúró ṣinṣin fún irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ń ta lórí, ni iṣẹ́ yìí dùn jù, ìyẹn àkókò tí àwọn onífọ́tò yòókù ń sá sábẹ́ ibòòji. Ẹ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí irin rẹ̀, ẹ ṣètò ohun tí ẹ fẹ́ yà, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì rí i kedere, lẹ́yìn náà kí ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí lẹ́ńsì máa wá ojú fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ ó wá de fíltà mọ́ ọn, nítorí tí ẹ bá ti dè é, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan mọ́ nínú ihò tí à ń yọjú sí. Ẹ lo f/8 tàbí f/11. Ibi tí infrared ti ń pàdé nínú lẹ́ńsì yàtọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí ti ń pàdé, f/8 sì máa ń bo àṣìṣe díẹ̀ yìí mọ́lẹ̀. Àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ mìíràn tilẹ̀ ní àmì pupa kékeré lára tó ń sọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn yí i dé. Ẹ ya àkọ́kọ́, ẹ wò ó, bó bá ṣókùnkùn jù, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà lajú pẹ́ sí i.

Ẹ kíyè sí i o: dúdú tí fíltà yìí dúdú kì í ṣe ààbò fún ojú. Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí infrared kọjá geere. Ẹni tó bá gba inú rẹ̀ wo oòrùn lè ba ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀, nítorí kò ní rí ìmọ́lẹ̀ tí yóò mú kó tètè gbójú kúrò. A kì í fi ojú ṣeré.

Fọ́tò tó bá jáde máa ń pupa látòkèdélẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ WB sí lára kámẹ́rà, kí ẹ fi koríko tútù tí oòrùn ń tàn sí kọ́ kámẹ́rà ní ohun tó yẹ kó pè ní funfun. Bí kámẹ́rà yín bá lè pa fọ́tò mọ́ gẹ́gẹ́ bíi RAW, ẹ lò ó, ó ń fúnni ní ààyè àtúnṣe púpọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ló pín sí. Ẹ lè sọ ọ́ di fọ́tò dúdú òun funfun. Ẹ sì lè pààrọ̀ ààyè pupa àti ti aró nínú rẹ̀, kí ojú ọ̀run tó pọ́n tẹ́lẹ̀ lè di aró. Photoshop ń ṣe é, GIMP tí wọn kì í gba owó lé lórí náà ń ṣe é.

Àléébù méjì wà tó máa ń da àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láàmú. Èkíní ni pé àwọn lẹ́ńsì kan máa ń fi àmì funfun roboto sáàárín fọ́tò. Ẹ̀bi onífọ́tò kọ́, bí wọ́n ṣe ṣe lẹ́ńsì náà ni, lẹ́ńsì mìíràn ni ẹ máa lò. Èkejì ni afẹ́fẹ́: tó bá ń fẹ́, ewé á mì, á sì rí bí èéfín nínú fọ́tò. Àwọn kan kórìíra rẹ̀, àwọn kan sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní ti ọyẹ́, ẹ má retí pé infrared á gba inú rẹ̀ kọjá tán. Ó ń la kùrukùru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lọ́nà jíjìn kọjá, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ki ju èyí lọ.

Ẹni tí iṣẹ́ náà bá wọ̀ lára tán lè wá ra kámẹ́rà àlòkù kan, kó gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n yọ dígí tó ń dá infrared dúró kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi fíltà 720 tàbí irú rẹ̀ rọ́pò. Láti ọjọ́ náà lọ, kámẹ́rà ọ̀hún á lè ya fọ́tò infrared lọ́wọ́ láìlo irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é lò fún ìgbéyàwó mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú u. Iná tó ń bùyẹ̀rì lára kámẹ́rà máa ń tọ́jú agbára iná mànàmáná sínú kódà tí wọ́n bá ti yọ bátìrì rẹ̀, ó sì lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀.

Kí á tó dé orí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹni, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa yíya ènìyàn, nítorí ibẹ̀ ni onífọ́tò ti lè bá oníbàárà rẹ̀ jà. Ohun tó mú ara wa dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ gba infrared mọ́ra bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí. Nítorí náà, ẹni tó dúdú á mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò náà ju bó ṣe rí lọ, ara rẹ̀ á dán bíi wàrà, iṣan abẹ́ awọ sì lè hàn. Ẹni tó fẹ́ràn dúdú ara rẹ̀ lè bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Aṣọ náà ń yí padà. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n pa láró òyìnbó dúdú máa ń di ràkọ̀ràkọ̀. Ẹlú ilẹ̀ wa gan-an, infrared máa ń gba inú rẹ̀ kọjá ni, tó fi jẹ́ pé àrà tí alárò fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe sára àdìrẹ lè rẹ̀ dànù nínú fọ́tò. Àwọn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà tí wọ́n lè fi ohun tó wà lábẹ́ wọn hàn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ ṣàlàyé fún ẹni tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ tó yà á, ẹ fi irú rẹ̀ hàn án, kí ẹ sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Èyí ju ìwà ọmọlúàbí lásán lọ, òun ló ń jẹ́ kí oníbàárà padà wá.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà dáadáa lè rí òpó ààfin kan kó sọ pé Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ orúkọ sí i lára. Irú igi àti irú irinṣẹ́ tí àwọn yòókù ń lò náà ló lò, ọwọ́ ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni infrared rí, àwọn mẹ́ta kan sì lè jẹ́ àpẹẹrẹ fún wa.

Ní àwọn ọdún 1940 ní New York, onífọ́tò ìwé ìròyìn kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Weegee wọ inú ilé sinimá tó ṣókùnkùn pẹ̀lú fíìmù infrared àti iná tí ojú kò rí. Ó ya àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ènìyàn ló ń wá, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ewé. Simon Marsden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní ọdún 2012, fi fíìmù infrared dúdú òun funfun ya àwókù ilé ńláńlá, ilé ìsìnkú àti ibi tí wọ́n ń sọ pé òkú ti ń yọ sí ènìyàn. Ẹ̀rù ni ó ń wá ní tirẹ̀, ewé funfun àti ojú ọ̀run dúdú sì bá ẹ̀rù náà mu.

Ẹnì kẹta ni Richard Mosse, ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland. Ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìlà-oòrùn Congo, níbi tí ogun ti ń pa ènìyàn láìdáwọ́ dúró, tí ọ̀pọ̀ nínú aráyé kò sì bojú wò mọ́. Aerochrome ni fíìmù tó kó dání, èyí tí ilé iṣẹ́ Kodak ṣe tí àwọn ológun fi ń wá ọ̀tá tó bá fi ewé tàbí aṣọ aláwọ̀ ewé bo ara mọ́lẹ̀. Ewé tútù máa ń di pupa rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé kì í dà bẹ́ẹ̀. Kodak ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Mosse fi fíìmù tí wọ́n ṣe láti fi tú ẹni tó fara pamọ́ síta yìí tú ogun tó fara pamọ́ síta. Gbogbo òkè àti igbó Congo di pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn ọmọ ogun sì dúró sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní The Enclave ló ṣojú Ireland níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ìlú Venice ní ọdún 2013, ó sì gba ẹ̀bùn fọ́tò Deutsche Börse ní 2014. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ó sọ ìyà di ẹwà. Àwọn mìíràn ní bí kò bá ṣe àwọ̀ náà ni, ẹnikẹ́ni kì bá tí dúró wò ó. Èyí tó wù kí ènìyàn gbà nínú méjèèjì, ohun tó dájú ni pé àwọ̀ náà ní ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó fi ìmọ́lẹ̀ nìkan ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ wà nínú iṣẹ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ló sì bá wọn sọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, ẹ bi ara yín léèrè: bí ewé yìí bá jẹ́ aláwọ̀ ewé bí ó ṣe máa ń rí, ṣé n ó tún dúró ya ibí yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, idán lásán ni ẹ fẹ́ ya, idán kì í sì í dùn wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ìmọ̀ràn tó kù kò le. Ẹ mú fíltà kan ṣoṣo, kí ẹ má kúrò lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Fíltà 590 ń fúnni ní àwọ̀ púpọ̀, 850 sì ń fúnni ní dúdú òun funfun tó mú hánhán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì kò ní mọ ọ̀kankan délé. Ẹ pinnu bóyá aláwọ̀ ni tàbí dúdú òun funfun. Ẹ mú ohun kan tó ká yín lára tẹ́lẹ̀: ó lè jẹ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí igi ti ń hù nínú wọn, ó lè jẹ́ igi ìrókò tó kù níbi tí wọ́n ti gé gbogbo igbó lulẹ̀ láti kọ́ ilé. Nínú fọ́tò yìí, ohun tó ń hù á mọ́lẹ̀ bí àtùpà, ilé àti títì á sì ṣókùnkùn sẹ́yìn rẹ̀. Èyí nìkan tó kókó ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ nípa ìlú rẹ̀. Ẹ padà síbi kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lójò. Ẹ tẹ àwọn fọ́tò náà sórí bébà, ẹ tò wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì yọ gbogbo èyí tó jọ ti ẹlòmíràn kúrò. Èyí tó bá kù nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, òun ni ọwọ́ yín. Ẹ di ibẹ̀ mú.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọjà fọ́tò ti kún, fóònù sì ti gba ojúlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní sùúrù láti kọ́ ohun tí ojú kò rí, tó sì mọ ìdí tí òun fi fẹ́ fi í han aráyé, á rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà wọlé.